Okùn Ohùn tí Ọdẹ́jobí Rì Sábẹ́ Igbó Agbọ́tán

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn yẹn, kí n má baà máa pariwo. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ, kó lọ mu omi nísinsìnyí, nítorí tí mo bá ti mú ẹsẹ̀ lé ìtàn yìí, n kò ní í padà sẹ́yìn nítorí ẹnikẹ́ni. Ọdẹ ni mí. Igbó tí mo ti sùn sí rí, púpọ̀ nínú yín kò lè dúró létí rẹ̀ lọ́sàn-án gangan kí orúnkún wọn má gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́jobí ni, ọmọ Òkè-Ọ̀sán, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kọ́ ìbọn yíyìn lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Ibi tí ó bá ti dákẹ́, èmi náà yóò dákẹ́ níbẹ̀, ẹ má sì fi ìbéèrè dà mí láàmú.

Ilé méjì ni kí ẹ fi sọ́kàn. Èkíní wà ní Òkè-Ọ̀sán, níbi tí Ọdẹ́jobí ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Làńtórò. Èkejì wà ní Etídò, níbi tí àbúrò rẹ̀, Ọdẹ́níyì, kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ lẹ́yìn ikú bàbá wọn, tí kò sì padà wá mọ́. Igbó Agbọ́tán ló wà láàrin ilé méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ igbó náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Àwọn iwin inú rẹ̀ kì í lé èèyàn, wọn kì í sì í jẹ ẹran. Etí ni iṣẹ́ wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ tí a lè rán gba ibẹ̀ kọjá tí wọn kò ní í dá dúró, kí wọ́n tú u wò bí ìgbà tí èèyàn ń tú ẹrù ẹlẹ́rù, kí wọ́n gbọ́ ọ tán, kí wọ́n sì sọ ọ́ fún ara wọn láti igi dé igi, kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde lódì kejì. Àwọn ará Òkè-Ọ̀sán ní wọn kì í gbọ́ ọ lásán, wọ́n ní wọ́n máa ń yí i padà. Bí ọkọ bá ránṣẹ́ ìfẹ́ sí aya rẹ̀ tí èsì búburú sì padà wá, wọ́n á ní Agbọ́tán ló bà á jẹ́.

Làńtórò kò jẹ́ kí ọdún kan kọjá láìránṣẹ́ sí Ọdẹ́níyì. Nígbà tí iṣu tuntun bá jáde, á bẹ àwọn arìnrìn-àjò kí wọ́n sọ fún un pé kí ó wá jẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú òun, kí ó kó àwọn ọmọ dání. Àwọn arìnrìn-àjò náà á padà dé, wọ́n á wo ilẹ̀, wọ́n á ní Ọdẹ́níyì sọ pé òun kò ní ìyá ní Òkè-Ọ̀sán. Ìyá náà á rẹ́rìn-ín. Á ní àwọn iwin yẹn ti tún dé, pé ọmọ òun kò lè sọ irú rẹ̀ láéláé. Á fún àwọn tó mú èsì wá lóúnjẹ, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í retí ọdún tí ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi gbé e mọ́.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí Ọdẹ́jobí, ọdẹ tí kò bẹ̀rù ẹfọ̀n, kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ kí àbúrò rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Èmi náà bi í. Ìbọn rẹ̀ ló ń nù lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Làńtórò pè é sí ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé òun kò ní í pẹ́ lọ mọ́. Ó ní, "Ọdẹ́jobí, mo fẹ́ gbọ́ ohùn àbúrò rẹ kí n tó kú. Ohùn òun gan-an, tí ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ kàn lójú ọ̀nà. Tí ọ̀nà tí iwin kò mọ̀ bá wà, wá a fún mi."

Ọ̀dọ̀ mi ni Ọdẹ́jobí wá tààrà, ó sì mọ ìdí tó fi wá. Ta ni ì bá tún lọ bá? Èmi nìkan ni ọdẹ tó ti dé ìdí àràbà ńlá tó wà láàrin gbùngbùn Agbọ́tán tí mo sì padà wá pẹ̀lú ojú mi méjèèjì. Mo sọ fún un pé iwin kan ń gbé ibẹ̀, Alọ́kùn ni orúkọ rẹ̀, tí ń lọ́ okùn tí ń gbé ohùn. Mo ní bí a bá ri okùn náà mọ́lẹ̀ láti ilé kan dé òmíràn, àwọn ará ilé méjèèjì á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú yàrá kan náà, àwọn elétí inú igbó kò sì ní í gbọ́ gbíń. Ó béèrè ohun tí Alọ́kùn ń gbà. Mo ní n kò mọ̀, nítorí èmi kò bá a ra nǹkan kan. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó mú ìbọn rẹ̀, ó pe ajá rẹ̀ tí ń jẹ́ Tẹ̀lémi, ó sì wọ igbó.

Kò tíì rìn jìnnà tí àwọn elétí fi yí i ká. Etí wọn fẹ̀ bí ewé kókò, ó ń mì lẹ̀lẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn kò tilẹ̀ fẹ́. Olórí wọn bi í pé ọ̀rọ̀ wo ló gbé dání. Ó ní òun kò gbé ọ̀rọ̀ kankan. Wọn kò bá a jiyàn. Ńṣe ni wọ́n sún mọ́ ọn, tí wọ́n gbé etí lé e láyà, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Bí èkíní ṣe gbé orí sókè, ó kéde pé, "Ó ń bẹ̀rù àbúrò rẹ̀." Èkejì gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀kẹta gbà á, kò sì pẹ́ tí gbogbo igbó fi ń sọ ọ́ láti ibi tí oòrùn ti ń yọ títí dé ibi tí ó ń wọ̀ sí. Àwọn ọ̀bọ ń sọ ọ́. Odò tí ń ṣàn ń sọ ọ́.

Ara Ọdẹ́jobí gbóná. Ó gbé ìbọn, ó yìn ín. Ọta náà wọ inú etí olórí wọn, kò jáde, kò sì pa á lára. Ìró ìbọn náà nìkan ni wọ́n gbà, ni wọ́n bá ń fi ẹnu ṣe é fún ara wọn, gbàù níhìn-ín, gbàù lọ́hùn-ún, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń sọ tẹ́lẹ̀. Kò sí ohun tí ó lè ṣe ju kí ó rìn lọ. Èmi mọ irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ẹkùn ti ya ẹ̀yìn mi rí, ẹ wo àpá rẹ̀ níhìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹranko tó lè dùn mí tó kí igi máa kígbe ohun tí mo fi pamọ́. Ọdẹ́jobí sọ fún mi pé òun fi ọwọ́ méjèèjì di etí ajá òun, kí ajá náà má baà gbọ́.

Nígbà tí ohùn wọn rọlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó já sí ìlú kan tí ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ìkòkò ló kún ilé, ìkòkò ló kún òpópónà. Àwọn ará ìlú náà kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù àwọn elétí. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ á sọ ọ́ sínú ìkòkò, á fi ìdérí dé e pinpin, á gbé e lọ fún ẹni tó ń bá wí, ẹni yẹn á gbé e sí ẹnu, á sì mu ún. Ìyá arúgbó kan ló ń ṣọ́ ẹnubodè. Òun nìkan ní àṣẹ láti la ẹnu bá àlejò sọ̀rọ̀. Ó bi Ọdẹ́jobí pé kí ni ohun tí ń gbé ilé méjì láìsan owó orí, tí ń rìn láàrin wọn láìní ẹsẹ̀.

Ọdẹ́jobí ní ọ̀rọ̀ ni.

Ìyá náà mi orí. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ máa ń dé ibi tí ó ń lọ, á sì tán níbẹ̀. Ohun tí mo bi ọ́ kì í tán. Ìkùnsínú ni."

Nítorí pé kò mọ ìdáhùn àlọ́ náà, ó ní láti mu ìkòkò kan tí ẹni tó sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ ti kú kí ó tó fi í ránṣẹ́. Ó mu ún. Ó sọ fún mi pé ó korò ju ewúro tí a kò fọ̀ lọ. Bí ó ṣe gbé e mì, ni inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í bí i sí obìnrin kan tí kò mọ̀ rí, tí kò fẹ́ rí, nítorí ọbẹ̀ kan tí obìnrin náà fi pamọ́ fún ẹlòmíràn. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ń sunkún ìbínú olókùú títí oòrùn fi rọlẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tó bà òun lẹ́rù jù ni pé ìbínú náà kò ṣàjèjì sí òun. Ó ní ó dà bí aṣọ tí òun ti rí lọ́rùn ẹnìkan nítòsí. Nígbà tí ó gbọn ara nù, ìyá arúgbó fi ọ̀nà àràbà hàn án.

Alọ́kùn jókòó sí ìdí àràbà náà bí mo ṣe júwe rẹ̀ fún un: iwin gbígbẹ tí awọ ara rẹ̀ dà bí èèpo igi, tí ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ lọ́ okùn nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ sinmi lórí itan. Kò dá iṣẹ́ dúró. Ó bi Ọdẹ́jobí pé kí ni ó fẹ́ kí okùn òun gbé.

Ọdẹ́jobí ní ohùn ìyá òun dé ọ̀dọ̀ àbúrò òun ni, àti ohùn àbúrò òun dé ọ̀dọ̀ ìyá òun.

Alọ́kùn ní, "Okùn mi yóò gba abẹ́ àwọn elétí kọjá. Ilé yín méjèèjì yóò ní ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀yin nìkan mọ̀. Ẹ ó sọ ọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lódì méjèèjì, yóò sì ṣí. Láti ìgbà náà, kò ní í pa dé mọ́. Kò sí àdá tó lè gé e, iná kò ní í jó o. Níwọ̀n ìgbà tí ilé méjèèjì bá wà ní ìdúró, ohun tí ẹ bá sọ nítòsí rẹ̀ ni yóò gbé. Kò mọ bí a ṣe ń fi oyin sí i."

Ọdẹ́jobí ní ohun tí òun ń wá gan-an nìyẹn, kí àwọn iwin ṣáà má tún yí ọ̀rọ̀ àwọn padà mọ́.

Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ Alọ́kùn ti dúró fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó gbé ojú wò ó. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n ń yí i padà? Olófòófó ni wọ́n, wọn kì í ṣe òpùrọ́."

Ọdẹ́jobí rẹ́rìn-ín sínú. Ó rò pé iwin ń gbèjà iwin ni. Ó béèrè ohun tí òun máa san.

"Ohùn bàbá rẹ," ni Alọ́kùn wí. "Gbogbo ohun tí ó ti ẹnu rẹ̀ bọ́ sí ọ létí, láti kékeré rẹ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ohùn òkú ni mo fi ń lọ́ okùn. Ohùn alààyè máa ń já."

Ọdẹ́jobí rò ó. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ sì wà láàyè, ó sì ń dúró lórí ẹní. Ó ní kí Alọ́kùn mú un. Iwin náà na ìka kan sí i létí, ó fà, ohun kan sì ń jáde bí òwú funfun, tín-ín-rín, gígùn, kò fẹ́ tán. Bí ó ṣe ń jáde ni Ọdẹ́jobí ń rí bàbá rẹ̀ lójú ọkàn: ó ń kọ́ ọ bí a ṣe ń dẹ pàkúté, ó ń bá a wí, ó ń pa á lẹ́rìn-ín, ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní ìgbẹ̀yìn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹnu ń mì. Kò sí ohun tó ń jáde nínú rẹ̀ mọ́.

Alọ́kùn fi òwú náà parí okùn. Ó ní orí kan yóò fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà dé ilé Làńtórò, nítorí ẹsẹ̀ Ọdẹ́jobí ti tẹ ọ̀nà náà bọ̀, yóò kàn tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà ni. Ṣùgbọ́n orí kejì, Ọdẹ́jobí ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ ọ dé Etídò, nítorí ọ̀nà ilé àbúrò rẹ̀ kò mọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Abẹ́ ilẹ̀ ni ó gbà. Ihò kan wà lábẹ́ gbòǹgbò àràbà tí ó lọ títí. Ó so okùn mọ́ ìbàdí, ó ń rá pálá, Tẹ̀lémi ń lọ níwájú. Lókè orí rẹ̀ ni ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn elétí tí wọ́n ń wá a kiri. Kò sí ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀ rárá, imú ajá ni ó ń tẹ̀lé. Ó ti ń rò pé ìṣòro ti tán nígbà tí ajá náà gbó lẹ́ẹ̀kan, tí kò sì gbó mọ́. Òjòlá ni. Òjòlá abẹ́ ilẹ̀, tí oòrùn kò rí rí, tí ara rẹ̀ sì di ihò náà pa bí ìdérí ìgò. Ó ti gbé Tẹ̀lémi mì, ó sì la ẹnu fún ẹni tó tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń pe ara yín ní ọdẹ nítorí ẹ pa ọ̀yà létí oko, ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Ọdẹ́jobí kò sá. Ibo ni ì bá yí sí? Ó ti ìbọn rẹ̀ bọ ejò náà lẹ́nu ní òòró, kò lè pa ẹnu dé mọ́. Ó wá gba inú ẹnu náà wọlé pẹ̀lú ọ̀bẹ, ó là á láti inú, ó ń lọ síwájú, ó ń là á, okùn ń wọ́ tẹ̀lé e nínú ẹ̀jẹ̀, títí ó fi jáde níbi ìrù. Ó kan ajá rẹ̀ lójú ọ̀nà nínú ejò náà. Ó ti kú. Kò lè gbé e, nítorí okùn wúwo, ọwọ́ rẹ̀ kan sì ti ṣẹ́ nínú ìjà náà. Ó fi ọwọ́ kejì pa á lórí, ó sì rá kọjá lára rẹ̀. Okùn tí mo ń sọ yìí, inú òjòlá ló gbà dé Etídò.

Ọdẹ́níyì wà níwájú ilé rẹ̀, ó ń pọ́n ọ̀kọ̀, nígbà tí ilẹ̀ ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì jáde níbẹ̀ tòun tẹ̀jẹ̀. Kò pariwo. Ó fi ọ̀kọ̀ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Wúrà, gbé omi wá. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ tó ṣẹ́, wọ́n fún un ní iyán àti ẹran ìgalà. Ọdẹ́jobí sọ fún mi pé kò sí ohun tí wọn kò ṣe fún òun, àti pé gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún àlejò ni. Wọn kò béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀.

Ó ṣàlàyé okùn náà. Ọdẹ́níyì tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Ó béèrè bóyá lóòótọ́ ni pé kò ní í pa dé mọ́, Ọdẹ́jobí sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ronú díẹ̀, ó ní kò burú, pé ó tó àkókò. Ó gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láyè láti ri orí okùn náà mọ́ ara ògiri pálọ̀. Nígbà tí ó kù kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa fi ṣí i, Ọdẹ́jobí fẹ́ kí wọ́n lo oríkì ìdílé wọn. Ọdẹ́níyì ní rárá, òun ti ní ọ̀rọ̀ kan nílẹ̀. Ó tẹ ẹnu mọ́ okùn náà, ó ní, "Dúródèmí."

Ọdẹ́jobí gbọ́ ọ. Ó tún bàtà rẹ̀ dè. Ó ní òun á sọ ọ́ fún ìyá àwọn, ó sì dágbére.

Àbọ̀ rẹ̀ kò nira. Àwọn elétí rí i, wọn kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀ tí wọn kò tíì gbọ́. Nígbà tí ó dé ilé, orí okùn kejì ti hù jáde ní igun pálọ̀ Làńtórò, ó ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀fun ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ti fún ìyá náà ní aṣọ tó dára wọ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ ń dán. Ó bi Ọdẹ́jobí ní ọ̀rọ̀ náà. Ọdẹ́jobí sọ ọ́ fún un láìwo ojú rẹ̀.

"Dúródèmí," ni Làńtórò wí sí okùn náà. Bí ó ti sọ ọ́ tán ni ó gbọ́ ohun tí ó sọ.

Ohùn Ọdẹ́níyì jáde láti ara ògiri, ó mọ́ gaara, ó dà bí ẹni tó dúró sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ kú ilé, Ìyá Ọdẹ́jobí."

Ìyá náà gbọ́ bí ó ṣe pe òun. Ó gbìyànjú láti fò ó kọjá. Ó ní, "Ọdẹ́níyì, ọmọ mi. Iṣẹ́ iṣu tuntun tí mo máa ń rán sí ọ ńkọ́? Kí ni wọ́n máa ń sọ fún ọ?"

"Wọ́n máa ń ní kí n wá jẹ iṣu tuntun pẹ̀lú yín, kí n kó àwọn ọmọ dání. Ó ń dé ọ̀dọ̀ mi bí ẹ ṣe ń rán an."

"Èsì tí wọ́n ń mú wá fún mi ńkọ́?"

"Bí mo ṣe fi rán wọn ni. Èmi ni mo ń sọ ọ́."

Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Nígbà tí bàbá wọn ń ṣàìsàn, òdì kejì igbó ni Ọdẹ́níyì wà, ó ń dẹ erin. Ó gbọ́ pé àìsàn náà le, ó sì ránṣẹ́ pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n dúró de òun, òun ti wà lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ náà dé ní àárọ̀ ọjọ́ tí bàbá wọn kú. Oòrùn mú, àwọn èèyàn ti pé jọ, Làńtórò kò sì lè fara da kí ó tún máa wo òkú ọkọ rẹ̀. Ó ní inú Agbọ́tán ni iṣẹ́ náà gbà wá, ta ló mọ ohun tí àwọn iwin ti fi kún un. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀. Ọdẹ́jobí wà níbẹ̀. Òun ni àkọ́bí, òun ni gbogbo wọn ń wò. Kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí Ọdẹ́níyì fi máa dé, iyẹ̀pẹ̀ orí sàréè ṣì tutù.

Ohun tí ó fà á tí Ọdẹ́jobí kò fi lọ kí àbúrò rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ti wá mọ̀ ọ́n báyìí.

Làńtórò sọ nípa oòrùn. Ọdẹ́níyì ní òun ti gbọ́ nípa oòrùn náà. Ìyá náà bẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀, pẹ̀lú ọmú tó fún un mu. Ọdẹ́níyì kò gbé ohùn sókè. Ó ní òun kò bínú mọ́, ìbínú náà ti rẹ òun tipẹ́. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́ gbọ́ látinú ilé yẹn, ìdí rẹ̀ sì ni òun fi gbà kí okùn náà wọ ilé òun. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin nìkan lẹ wà lọ́dọ̀ bàbá mi nígbà tó ń lọ. Ẹ ti sọ fún àwọn èèyàn pé ó bá yín sọ̀rọ̀ pẹ́. Ṣé ó béèrè mi? Ẹ sọ ọ́ fún mi bí ó ṣe sọ ọ́."

Ọdẹ́jobí la ẹnu. Ó rí ẹní náà. Ó rí ọwọ́ bàbá rẹ̀ tí ó di tirẹ̀ mú, ó rí ètè rẹ̀ tí ń mì. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ wo ètè náà bóyá ó lè rí ìrísí orúkọ kan níbẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ó sọ fún mi pé òun rò ó láti parọ́, láti ní bàbá wọn súre fún Ọdẹ́níyì, pé orúkọ rẹ̀ ló fi kú sẹ́nu. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n òun. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ń wò ó, okùn náà sì ń mì.

"Ó sọ̀rọ̀," ni ó wí. "N kò mọ ohun tó sọ mọ́. Mo ti fi san owó okùn yìí."

Ọdẹ́níyì ní, "Ó dáa," wọ́n sì gbọ́ tí ó dìde lórí ìjókòó, wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó ń lọ, àti ilẹ̀kùn.

Làńtórò ní kí Ọdẹ́jobí pa okùn náà dé. Ọdẹ́jobí ní kò ṣeé pa dé. Ó mú àdá, àdá náà ṣẹ́. Ó dáná sí i, ògiri nìkan ló jó. Ìyá náà ní kí wọ́n gbé ẹní òun lọ sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ohùn kò lè dé, kò sì wọ pálọ̀ mọ́. Kò tún ránṣẹ́ iṣu sí ẹnikẹ́ni. Àwọn aládùúgbò tó wá kí i ní kò dárúkọ iwin kankan mọ́. Ó kú nínú ọyẹ́, ní ọ̀sán, nígbà tí Ọdẹ́jobí ń fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ mímu.

Ọdẹ́jobí lọ bá okùn náà. Ó sọ pé ìyá àwọn ti kú. Ó ní òun kò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ilẹ̀, òun á fi ewé àti ẹ̀fín tọ́jú òkú náà, bó ti wù kí ó pẹ́ tó, kí Ọdẹ́níyì ṣáà máa bọ̀. Ìyá Wúrà ló kọ́kọ́ dáhùn, ó kí i kú ará fẹ́ra kù. Lẹ́yìn náà ni Ọdẹ́níyì sún mọ́ tòsí.

Ó ní, "Mo gbọ́ yín. Ẹ máa sin ín."

Ọdẹ́jobí dúró síbẹ̀síbẹ̀. Ó dúró títí àwọn ará ìlú fi fi tipátipá gba òkú náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wà nínú àwọn tó gbà á.

Ó ṣì ń gbé ilé náà. Mo ti ní kí ó kó wá sọ́dọ̀ mi, ó kọ̀. Mo sùn síbẹ̀ nígbà kan, mo sì rí i pẹ̀lú ojú ara mi. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ilé Etídò á jí. Ẹ ó gbọ́ ìgbálẹ̀ Ìyá Wúrà, ẹ ó gbọ́ ọmọ tí ń sunkún omi tútù, ẹ ó gbọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ń wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti kí bàbá wọn, "Ẹ káàárọ̀, bàbá," Ọdẹ́níyì á sì máa dá wọn lóhùn. Ọdẹ́jobí máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ti kí, òun náà á dá a lóhùn, á dárúkọ rẹ̀, á súre fún un. Ṣùgbọ́n á ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ pinpin, kí wọ́n má baà gbọ́ ọ.

Ẹ dìde ẹ máa lọ sílé. Èmi ti sọ tèmi tán.